Ẹni tó ń pariwo, ó ń mí: èsì mi sí bàbá tó bínú sí àwa nọ́ọ̀sì

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sójú ewé àwọn òǹkàwé, mo mọ̀ pé ó gùn díẹ̀ àmọ́ ẹ má gé e jù, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń gbé mi nínú tipẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn bàbá kan kọ̀wé síbí pé òun gbé àbúrò òun tí ọ̀kadà gbá lọ sí ẹmájẹ́ńsì, ẹsẹ̀ ọmọ náà ti kán, ó ń ké "ẹ gbà mí o, mo kú o", àwọn nọ́ọ̀sì wò ó, wọ́n fi pákó dì í lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kó máa dúró, ni gbogbo wọn bá sáré lọ bá màmá àgbà kan tó jókòó jẹ́jẹ́ sórí àga, tí ò ké, tí ò sunkún, tó kàn ń làágùn. Bàbá ní ó dájú pé màmá yẹn ní ẹbí nínú ọsibítù ọ̀hún. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ayé ìsinsìnyí ò láàánú.

Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò mọ ọsibítù tí ẹ ń sọ, mi ò sì ní gbèjà ẹni tí mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìntì, mo ṣe wọ́ọ̀dù ọmọdé, mo ṣe ilé ìgbẹ̀bí, ọdún 9 tó kẹ́yìn ẹmájẹ́ńsì ni mo wà, tó bá sì jẹ́ èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, màmá yẹn lèmi náà máa kọ́kọ́ sá bá.

Ìdí ni pé ẹni tó ń pariwo, ó ń mí. Kò sí bí èèyàn ṣe máa lọgun tí atẹ́gùn ò ní wọlé kó tún jáde. Ẹni tó ń pe orúkọ ìyá ẹ̀, tó ń sọ ibi tó ń dùn ún, tó ń ṣépè fún ọlọ́kadà, ọpọlọ ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àmọ́ àgbàlagbà tó dákẹ́, tó ń làágùn lábẹ́ fáànù, tí ara ẹ̀ tutù bí ẹja oníyìnyín, ọkàn ẹ̀ lè máa dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́, ṣúgà ara ẹ̀ lè ti já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya nínú ẹ̀ níbi tójú ò tó. Àwọn àgbàlagbà àtàwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọkàn wọn lè máa ṣòfò lọ kí àyà má tiẹ̀ dùn wọ́n rárá, wọ́n á kàn ní ó rẹ àwọn. Yorùbá ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Òwe gidi ni, ó bá ọjà mu, ó bá ilé ẹjọ́ mu, ó bá ibi tí wọ́n ti ń pín ogún mu. Tó bá di ọsibítù, wọ́n ń sanwó oṣù fún nọ́ọ̀sì kí òwe yẹn má bàa ṣẹ ni.

Ẹ jẹ́ n wá sọ nǹkan tí ẹ̀yin ẹbí máa ń rò pé ìmẹ́lẹ́ ni. Ẹ máa rí nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ aláìsàn mú, tó ń wo aago, tí ò sọ̀rọ̀, ẹ á ní ó ti fẹ́ pajú dé, ó ń wo ìgbà tó máa lọ sílé. Èémí ló ń kà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ di ọwọ́ mú kí aláìsàn lè rò pé iṣan ọwọ́ lòún ń yẹ̀ wò, torí tí èèyàn bá ti mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun, kò ní mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́, ó yẹ kó mí bí ẹ̀ẹ̀mejìlá sí ogún láàrin ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti ń di 26, 28, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ibẹ̀, kódà kí BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ṣì dára, kódà kó máa rẹ́rìn-ín sí yín. Èémí àti bí ọkàn ṣe ń lù ló sábà máa ń kọ́kọ́ yí, BP máa ń kẹ́yìn ni, pàápàá lára ọ̀dọ́, ara ọ̀dọ́ á fara dà á, á fara dà á, ìgbà tó bá máa juwọ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni.

Tọmọdé tiẹ̀ rọrùn, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ lè fi fóònù yín ṣe é nílé. Kí ọmọ má máa sunkún, kó má máa mu ọmú lọ́wọ́, ẹ ká aṣọ ẹ̀ sókè, ẹ máa wo ikùn ẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, ẹ ka ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù méjì, tó bá dé 60, ó ti yá jù. Láti oṣù méjì sí ọdún kan, 50. Láti ọdún kan sí márùn-ún, 40. Ìwọ̀n yìí ni àjọ ìlera àgbáyé ní ká máa lò, òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé. Tí ìsàlẹ̀ igbá àyà ọmọ bá tún ń wọnú bó ṣe ń mí, ẹ má dúró dìgbà tí ara ẹ̀ á gbóná, ẹ má fi róòbù pa á láyà kẹ́ ẹ ní ilẹ̀ á mọ́, ẹ gbé e wá lóru yẹn. Ìyá á ní "ara ẹ̀ ò mà gbóná o nọ́ọ̀sì, ìdí tí mi ò fi tètè wá nìyẹn", òótọ́ ló ń sọ, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé èémí ló yẹ kóun máa wò.

Kí n má parọ́, àwa náà lẹ́bi níbí yìí. Mo ti gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ alẹ́ rí, mo ṣí kádì wọn wò, èèyàn 24, èémí gbogbo wọn 20. 20, 20, 20 láti bẹ́ẹ̀dì kìíní dé ìkẹyìn, àfi bíi pé ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n tí wọ́n jọ ń mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kankan ò kà á, wọ́n kàn kọ ọ́ ni. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kan sí aláìsàn 28 lóru, èmi náà ti dá a ṣe, ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ti jápa lọ sí London àti Canada, àwọn tó kù ni gbogbo ẹrù já lé lórí. Ṣùgbọ́n irọ́ tí wọ́n kọ sínú kádì burú ju àyè òfìfo lọ, torí tí àyè bá ṣófo, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á mọ̀ pé wọn ò tíì wò ó.

Èmi tí mò ń sọ yìí náà, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ilé ìgbẹ̀bí ni mo wà, obìnrin kan bí ọmọ ẹ̀ kẹta, ìbí wẹ́rẹ́, ojú ara ẹ̀ ò ya rárá. Ní bíi wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀ ó pè mí, ó ní "Sístà, ó ń rẹ̀ mí." Mo ní ta ló bímọ tí ò rẹ̀, ẹ sùn díẹ̀. Mo wọn BP ẹ̀, 110/70, ó dáa. Ọkàn ẹ̀ ń lù 118 láàrin ìṣẹ́jú kan, ó ti yá jù, mo fọwọ́ ara mi kọ 118 sínú kádì, mo sì kọjá lọ bá ẹlòmíì tó ń rọbí tó ń pariwo. Sístà àgbà kan tó wá wo wọ́ọ̀dù ló ka kádì yẹn, kò sọ nǹkan kan, ó lọ tààrà bá obìnrin náà, ó gbé aṣọ kúrò, ó fọwọ́ kan ikùn ẹ̀ nísàlẹ̀ ìdodo. Ilé ọmọ tó yẹ kó le bíi bọ́ọ̀lù, ó rọ̀ gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀. Àpò ìtọ̀ sì kún tẹ́ńtẹ́ń, bẹ́ẹ̀ tí àpò ìtọ̀ bá kún kì í jẹ́ kí ilé ọmọ sunkì. Ó fi rọ́bà fa ìtọ̀ ọ̀hún, ó fọwọ́ pa ilé ọmọ yẹn títí ó fi le, ẹ̀jẹ̀ dídì tó jáde tó abọ́ kan, òmíì ti wà lábẹ́ ibi tó sùn sí tẹ́lẹ̀, ìró tó ró ti fà á mu, mi ò rí i torí mi ò ṣí i wò. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ilé ọmọ sunkì, wọ́n fa dírípù, wọ́n sáré gba ẹ̀jẹ̀. Obìnrin náà kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Sístà ò bú mi. Wọ́n kàn fi ìka tọ́ka sí 118 yẹn, wọ́n ní, "Ìwọ lo kọ eléyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní, "O kọ ọ́, o ò kà á." Títí dòní ni mò ń gbọ́ ohùn yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ yìí gan-an ni mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ, torí ìlú wa wà nínú àwọn tó fi hàn pé wíwò dáadáa máa ń gba ẹ̀mí là. Láti 500 mílílítà sókè, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tó kún ìgò omi kékeré kan, ó ti di ewu, àmọ́ ojú lásán ò lè wọn ẹ̀jẹ̀ tó ti wọ inú ìró àti fóòmù. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ọsibítù bí 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, obìnrin tó lé ní 200,000 ló bímọ nínú ẹ̀, wọ́n pè é ní E-MOTIVE, èsì ẹ̀ jáde ní 2023. Wọ́n kàn ń tẹ́ ọ̀rá kan tó ní ìlà ìwọ̀n sábẹ́ obìnrin tó bá ti bímọ tán kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn sínú ẹ̀, tó bá ti dé ìlà, gbogbo ìtọ́jú ni wọ́n jọ máa ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, fọwọ́ pa ilé ọmọ, abẹ́rẹ́, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, dírípù, yíyẹ ojú ara wò, wọn ò ní ṣe ọ̀kan kí wọ́n dúró wò bóyá á ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yíya tó le koko fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Oògùn yẹn kì í ṣe tuntun o, ó ti wà tipẹ́. Wọ́n tètè rí i ni.

Tí aboyún bá ní orí ń fọ́ òun, tí ojú ń ṣe òun bàìbàì, tàbí ibì kan ń dùn ún lókè ikùn lábẹ́ ìhà ọ̀tún, ẹ má sọ pé ọ́lísà ni o, kẹ́ ẹ wá lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì. BP ni ká wọ̀n. 140/90 lára aboyún kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, tó bá di 160/110, ká máa sáré ni, kí gìrì aboyún má bàa mú un. Nígbà tá a bá wá ń fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà gìrì yẹn, ẹ máa rí nọ́ọ̀sì tó ń fi òòlù rọ́bà kékeré gbá a ní orúnkún, ọkọ obìnrin kan bínú sí mi lọ́jọ́ kan, ó ní ìyàwó òun ń kú lọ ẹ̀ ń fi orúnkún ẹ̀ ṣeré. Eré kọ́, bàbá ìkókó. Abẹ́rẹ́ yẹn tó bá pọ̀ jù lára, èémí ló máa ń dá dúró, orúnkún tí ò ta mọ́ ló máa kọ́kọ́ kì wá nílọ̀. Tí orúnkún ò bá ta, tàbí ìtọ̀ ò tó, tàbí èémí ò pé 16, a ò ní fún un ní òmíì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rí. Wọ́n gbé ọkùnrin kan wá lálẹ́, ó ń sọ ìsọkúsọ, ó fẹ́ bá gbogbo wa jà, ọtí ń rùn lára ẹ̀, àwọn tó gbé e wá ní ẹ jẹ́ kó sùn kọ́tí dá lójú ẹ̀. Ìlànà wa ni pé ẹnikẹ́ni tí orí ẹ̀ bá dàrú, ká kọ́kọ́ gún ìka ẹ̀ wọn ṣúgà, ọtí o, ẹ̀mí àìrí o, ayé ló ń ṣe é o, ká ṣáà gún ìka ẹ̀ ná. Ṣúgà ẹ̀ 31 mg/dL. Tó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ ó ti kéré. Ká ní a jẹ́ kó sùn ni, kò ní jí. Tó bá jẹ́ ilé yín ló ti ṣẹlẹ̀ tí ẹni náà ṣì ń dáhùn tó sì lè gbé nǹkan mì, ṣúgà oníhóró mẹ́rin nínú omi, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wò ó. Tí ò bá dáhùn, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu o, kì bá à ṣe omi, ẹ gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tá a bá ní kò gbọ́dọ̀ jẹun ná, kì í ṣe ìwà ìkà, a fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀fun ẹ̀ ṣì lè gbé nǹkan mì ni, ẹ̀kọ gbígbóná tí ẹ gbé wá nígbà tí nọ́ọ̀sì yíjú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ.

Ọmọ tí gìrì mú náà, ẹ dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ mú síbí kúrò lẹ́nu ẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ ẹ̀ síná. Àgbo ìtọ̀ màlúù yẹn ńkọ́? Àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn ti kọ̀wé nípa ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ó ń já ṣúgà ọmọ wálẹ̀, ọmọ tí à bá fi wákàtí kan tọ́jú á wá di ẹni tí ò lajú mọ́. Tí nọ́ọ̀sì bá wá bi yín pé kí lẹ fún un nílé, ẹ sọ òótọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa máa ń bú ìyá ọlọ́mọ tó bá jẹ́wọ́, àwa la fi èébú kọ́ yín ní irọ́ yẹn, ẹ má bínú, àmọ́ ẹ ṣáà sọ ọ́, torí ohun tí ẹ bá sọ ló máa jẹ́ ká mọ oògùn tá a máa lò. Bákan náà ni tá a bá rí ìkókó tójú ẹ̀ pọ́n, tá a ń béèrè bóyá kanfọ̀ wà nínú aṣọ ẹ̀, ẹ ò ní torí ẹ̀ sọ pé a fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àpótí yín. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ilẹ̀ wa ni ẹ̀jẹ̀ wọn ò gba kanfọ̀, á fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ara wọn á pọ́n, ó sì lè ba ọpọlọ wọn jẹ́ títí ayé. Oòrùn àárọ̀ tí ẹ̀ ń gbé e sí ò tó o.

Nǹkan kan tún wà tó ń bí mi nínú nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa. Wọ́n ní ẹni tí atẹ́gùn ò tó lára ẹ̀, ara ẹ̀ á ṣe búlúù. Ara ta ni? Ara òyìnbó nìyẹn. Àwa, ahọ́n, èékánná, àtẹ́lẹwọ́ àti inú ètè la máa ń wò. Kódà ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka yẹn, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020, ó fi hàn pé ó máa ń tan àwọn dókítà jẹ lára èèyàn dúdú ní ìlọ́po mẹ́ta ju bó ṣe ń tàn wọ́n lára òyìnbó, á gbé 94 jáde nígbà tí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ti kéré gan-an. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀ tí ẹni tó wà níwájú yín ò bá lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí.

Bàbá, mo ti ń bá yín jà látòwúrọ̀, ẹ jẹ́ n wá gbà fún yín níbi tẹ́ ẹ ti jàre. Ká sọ pé ẹni tó ń pariwo ń mí, kò túmọ̀ sí pé ìrora ẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Mo ti rí àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tí nọ́ọ̀sì ń sọ fún pé "o ti tún dé, o fẹ́ràn abẹ́rẹ́", tí wọ́n jẹ́ kó máa yí nílẹ̀, ojú máa ń tì mí fún wa. Ìrora, ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló mọ̀ ọ́n, ohun tó bá sọ pé ó tó ló tó. Àbúrò yín, ó yẹ kí wọ́n fún un ní oògùn ìrora kí wọ́n tó kọjá, ó yẹ kí wọ́n fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ wò bóyá ó gbóná, bóyá ó lè mì ín, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń débẹ̀, kí wọ́n sì padà wá wò ó. Ó tún yẹ kí ẹnì kan dúró sọ fún yín pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, màmá yìí ò ní pẹ́ kú tá ò bá dá a lóhùn, à ń bọ̀ wá bá yín." Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ká ní wọ́n sọ ọ́, ẹ̀yin náà á bá wọn ti àga màmá yẹn ni, mo mọ ọmọ Yorùbá.

Ẹ ò sọ fún wa bóyá wọ́n ti fi POP, ìyẹn símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di egungun tó kán, sí ẹsẹ̀ ọ̀hún. Tí wọ́n bá ti fi í, ẹ máa wo ọmọ ìka ẹ̀ láràárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá wú, tó tutù, tó ń kú tìpìrì, tàbí tí ìrora ẹ̀ ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù, pàápàá tẹ́ ẹ bá na ọmọ ìka yẹn díẹ̀ tó sì ké, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì, ẹ gbé e padà lọ lọ́jọ́ náà, kódà kó jẹ́ òru. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa dúró, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ìka ẹ̀ ti tutù, POP sì ti há. Ẹ má pariwo, ẹ ṣáà sọ gbólóhùn yẹn, nọ́ọ̀sì tó bá mọṣẹ́ á dìde.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn.